Ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ oníkarahun: báwo lẹ ṣe ń pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún eré 100?

Tánkẹ_Kẹ̀kẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntì là ń kàn ní Tánkẹ, ní Ìlọrin níbí. (Kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ tó ti gba owó ìfẹ̀yìntì o. Èyí tí èèyàn ń fẹ̀yìn lélẹ̀ gùn ni, tí ẹsẹ̀ nà síwájú.) Táyà ẹ̀yìn jẹ́ ínǹṣì 20, ìkarahun fáíbà sì máa bò ó látòkè délẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí bátìrì tó ń ti ẹsẹ̀. Ohun tí à ń lé ni kìlómítà 100 ní wákàtí kan, kí a wọn ọ́n lórí 200 mítà, nígbà ọyẹ́, oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní.

Iṣẹ́ irin ń lọ. Ẹni tó máa gùn ún ló ń dá wa láàmú. Ẹni méjì ló wà nílẹ̀: ọ̀kan ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, itan rẹ̀ rí bí odó. Èkejì kúrú, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kẹ̀kẹ́ ológeere ló sì ń gùn káàkiri. Èwo la máa mú? Kí ló sì máa ṣe láti ìsinsìnyí dé ìgbà yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní nọ́ńbà, ẹ má fi àdúrà nìkan dá wa lóhùn.

Bàbá Jíà
Ẹ kú làálàá, àbúrò. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí afẹ́fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ẹni náà kí ẹ tó mú un.

Ẹ jẹ́ ká ní kẹ̀kẹ́ àti ẹni inú rẹ̀ jẹ́ kílò 100. Ká ní ìkarahun yín dán dáadáa, tí a bá fi ìwọ̀n gbogbo ojú iwájú rẹ̀ lu nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń gé afẹ́fẹ́ sí, ó fún wa ní 0.025 mítà onígun mẹ́rin. Ká ní táyà ń jẹ ìdá 5 nínú 1,000 ìwúwo. Ní àárọ̀ ọyẹ́ Ìlọrin, kìlómítà 80 máa ná a ní nǹkan bí wáàtì 270. Kìlómítà 100 máa ná a ní 450. Kìlómítà 120, 700. Ẹ rí bó ṣe ń fò? Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ohun tí afẹ́fẹ́ ń bù jẹ nínú agbára di ìlọ́po mẹ́jọ.

Nítorí náà, ẹ má wo itan nìkan. Bí ìkarahun tó máa gba ẹni gíga bá fi ìdá 15 nínú 100 tóbi ju ti ẹni kúkurú, wáàtì 47 ló ti fi san owó ibodè fún afẹ́fẹ́ ní kìlómítà 100. Ẹ wọn èjìká wọn, ẹ wọn gígùn bàtà wọn, ẹ wọn bí orúnkún ṣe ń ga tó nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń yí. Bàtà àti orúnkún ló ń sọ bí imú ìkarahun ṣe máa tóbi tó. Ẹ fi ìwọ̀n ìkarahun tó máa gbé ẹni kọ̀ọ̀kan pín agbára rẹ̀. Iye tó bá pọ̀ jù lẹ ó mú. Ìwúwo ara kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Kí ẹ mọ ibi tí ayé dé: ní Battle Mountain, ìpínlẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà, Todd Reichert ti ẹgbẹ́ AeroVelo láti Kánádà sá 144.17 ní 2016 nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Eta. Kí ó tó di ìgbà yẹn, Sebastiaan Bowier sá 133.78 ní 2013 nínú kẹ̀kẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Delft àti Amsterdam kàn. Barbara Buatois, tó jẹ́ obìnrin, sá 121.81 ní 2010. Ibi gíga ni ìlú yẹn, nǹkan bí mítà 1,400 sókè òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Wọ́n sì ń fún wọn ní nǹkan bí kìlómítà 8 láti fi kó eré jọ kí wọ́n tó wọ 200 mítà.

Ọmọ Ìjàkadì
Bàbá Jíà ti sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ má tíì lé agbábọ́ọ̀lù yẹn lọ. Ẹ dán àwọn méjèèjì wò lórí ìjókòó kan náà, ní ìdùbúlẹ̀ gan-an tó máa wà nínú ìkarahun. Akíkanjú orí kẹ̀kẹ́ ológeere lè dé orí àfẹ̀yìntì kó di ọ̀lẹ. Lórí ológeere, ìwúwo ara máa ń bá ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà. Lórí èyí, ẹ̀yìn ló ń ti ìjókòó, iṣan ìdí àti ti iwájú itan ló ń ru gbogbo ẹrù. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ara tó mọ́ ọn. Kí ẹ tó rí ìyẹn, nọ́ńbà tó bá jáde kò tíì jẹ́ tirẹ̀.

Ẹsẹ̀ á máa kú. Ó ga ju ọkàn lọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè gòkè dé ọmọ ìka. Bàtà tó le nísàlẹ̀ tí kò fún ni kí ó wọ̀, kí ẹ sì sún irin tó so bàtà mọ́ pẹ́dà sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà kan. Apá pẹ́dà mìlímítà 170 gùn jù. Ẹ lo 155, orúnkún á rẹlẹ̀, ìkarahun á kéré. Ẹsẹ̀ á wá yí kíákíá, 95 sí 105 ní ìṣẹ́jú kan.

Ìdánwò náà rèé. Jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kíkankíkan ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀mẹta, ìsinmi ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú 20 pẹ̀lú gbogbo agbára tó lè pín dọ́gba. Ẹ mú ìdá 95 nínú 100 ohun tó bá jáde. Òun ni màá máa pè ní òdiwọ̀n. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ wọn ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹni tí òdiwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 270 lè tẹ 450 fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ìyẹn kò tíì tó nǹkan. Ẹni tó máa tẹ 450 lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà iṣẹ́ lẹ ń wá.

Bàbá Jíà
Ọmọ Ọ̀fà, o fi nǹkan kan sílẹ̀. 450 ni owó tí ó máa san kí 100 má bàa rọ. Kí ó tó dé ibẹ̀ láti 80 ńkọ́? Kílò 100 ní láti gba kílójúùlù 14 sí i kí ó tó kúrò ní 80 bọ́ sí 100. Bí ó bá fẹ́ ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn jẹ́ wáàtì 230 lórí ohun tí afẹ́fẹ́ àti táyà ń jẹ: nǹkan bí 590 lápapọ̀. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú méjì ṣe é, ó wá sílẹ̀ sí 470. Ẹ máa nà án gùn. Ẹni tí òdiwọ̀n rẹ̀ kò tó 300, kò ní rọrùn fún un.

Ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́ ni ilẹ̀. Òfin eré yìí gbà kí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta mítà lọ nínú 100 mítà. Kódà mítà 3 péré nínú 1,000 máa ti kílò 100 ní wáàtì 82 ní kìlómítà 100. Ẹ wá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó wá itan odó.

Ọmọ Ìjàkadì
Mo túúbá, bàbá. 300 ni ká mú.

Tánkẹ_Kẹ̀kẹ́
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, pẹ́dà tó ń ka wáàtì wọ́n ju kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Kí la lè fi rọ́pò?

Wẹ́dà_Ìpàta
Ẹ lo òkè. Òkè kì í parọ́. Ẹ wá ọ̀nà tó ga dáadáa, bí mítà 8 nínú 100, tí ọkọ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀. Ẹ mú ìwúwo èèyàn àti kẹ̀kẹ́, ẹ fi lu 9.81, ẹ fi lu iye mítà tó gùn sókè, ẹ wá fi iye ìṣẹ́jú-àáyá pín in. Kílò 80, gíga mítà 40, ìṣẹ́jú-àáyá 120: ó fún yín ní 262. Ẹ fi nǹkan bí 35 lé e fún táyà àti afẹ́fẹ́, ó di bí 300. Ẹ má fi fóònù wọn gíga náà, ó lè ṣì yín lọ́nà ní ọ̀pọ̀ mítà. Rọ́bà omi tí bíríkìlà fi ń mú ilẹ̀ dọ́gba ni kí ẹ lò, ìgbésẹ̀ ní ìgbésẹ̀. Iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni, ẹ sì ti rí ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa lò títí.

Fún inú ilé, ẹ fi páìpù onígun mẹ́rin ínǹṣì kan ààbọ̀ ṣe ìdúró. Kí ẹ̀yìn ìjókòó gẹ̀rẹ́ ní dígíríì 25 sí 30, kí ibi tí pẹ́dà ń yí ga ju ìsàlẹ̀ ìjókòó lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fi ṣéènì so abẹ fáànù mọ́ ẹ̀yìn. Fáànù ń ṣe bí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà gan-an, yí i ní ìlọ́po méjì, ó bèèrè ìlọ́po mẹ́jọ. Kò ní bá yín sọ wáàtì, àmọ́ ẹ lè fi ìyípo ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wáyà bo abẹ náà. Ìka ọwọ́ kì í hù padà.

Ọ̀rọ̀ jíà náà ńkọ́? Táyà 20 yín yí mítà kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní kìlómítà 100, ó máa yí ìgbà 1,111 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹsẹ̀ bá ń yí 100, ẹ nílò ìlọ́po 11.1. Eyín 53 sí 11 kò fún yín ju 4.82 lọ. Nítorí náà, ọ̀pá àárín gbọ́dọ̀ wà: 53 sí 23 níwájú, 53 sí 11 lẹ́yìn, ó di 11.1 géérégé. Níbi jíà tó rọ̀ jù, 53 sí 34, bí ẹsẹ̀ bá yí 40, kẹ̀kẹ́ ti ń sá 13. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn tó ń tì í gbọ́dọ̀ sáré dé 13 kí wọ́n tó yọ ọwọ́. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ní 6, orúnkún ọmọ yẹn ló fẹ́ bà jẹ́.

Alfa_Kẹ̀kẹ́
Àsàlámù àlékùn. Mo ní àtakò kan àti ìbéèrè kan. Bàbá Jíà ní afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ ló dára. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́ ju tútù lọ. Kí ló dé tí ẹ ò ní sá a ní aago méjì ọ̀sán? Ìbéèrè mi: bí ààwẹ̀ bá bọ́ sáàárín ìmúrasílẹ̀ ńkọ́? Ìlọrin la wà o.

Bàbá Jíà
Alfa, òótọ́ ni. Láti dígíríì 20 dé 32, afẹ́fẹ́ fi ìdá 4 nínú 100 fẹ́lẹ́. Nínú 311 tí afẹ́fẹ́ ń jẹ ní kìlómítà 100, ẹ jèrè wáàtì 12. Kí nọ́ọ̀sì wa wá sọ ohun tí ooru máa gbà padà.

Nọ́ọ̀sì_ÒmùÀrán
Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹsẹ̀ èèyàn kì í sọ oúnjẹ di eré lódindi. Nínú gbogbo ohun tí ara jó, kò ju bí ìdá mẹ́rin kan lọ tó ń dé pẹ́dà. Ìyókù ooru ni. Ẹni tó ń tẹ wáàtì 300 ń tú ooru bíi wáàtì 1,000 jáde. Áyọ́ọ̀nù iná ńlá ni ẹ tì mọ́ inú àpótí fáíbà yẹn, tí ẹ wá fi téèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Bí ooru náà kò bá ríbi jáde rárá, ìṣẹ́jú mẹ́jọ máa gbé ara ẹni kílò 65 sókè ní dígíríì méjì: láti 37 dé 39. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń rọ, tí ojú ń ṣú, tí èèyàn ń ṣe ìpinnu òmùgọ̀. Wáàtì 12 Alfa ti lọ, ó sì ti kó òmíràn dání.

Nítorí náà, òwúrọ̀ kùtù lẹ máa sá a. Fún ìṣẹ́jú 20 ṣáájú, ẹ fi tówẹ̀lì tí ẹ rì sínú omi yìnyín bo ọrùn àti abẹ́ apá rẹ̀, kí ó máa mu omi yìnyín díẹ̀díẹ̀. Ihò afẹ́fẹ́ kan níwájú, ìbú rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 3, páìpù rọ́bà gbé e wá síwájú imú. Ẹ má fi lílà rẹ̀ ṣọ̀wọ́n: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ń mí lítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ inú ìkarahun yóò tán kíá. Ẹ ṣe ihò ìjáde sí ẹ̀yìn pẹ̀lú, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò ríbi jáde kò ní wọlé. Fún gíláàsì tó ń bu kùrukùru, ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ ra inú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ nù ún gbẹ.

Ẹ wọ̀n ọ́n ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láìsí aṣọ. Kílò kan tó dín jẹ́ omi lítà kan. Ohun mímu: lítà omi kan, ṣíbí tíì ṣúgà 15 tí ó tẹ́jú, ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀. Bí oyin bá wà, ẹ lò ó. Oúnjẹ ọjọ́ náà: ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú wàrà díẹ̀, wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Ẹ̀wà àti gbẹ̀gìrì, ẹ má jẹ wọ́n láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Inú àpótí tí a lẹ̀ pa ló ń wọ̀, ẹ yé mi.

Ní ti ààwẹ̀: iṣẹ́ líle gbọ́dọ̀ wáyé lẹ́yìn ìṣínu, wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Ní ọ̀sán, yíyí ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú 30 nínú ilé ti tó, ẹ má sì ṣe iṣẹ́ ooru kankan. Ẹ dín iṣẹ́ líle kù sí ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀. Òdiwọ̀n kì í já lulẹ̀ ní oṣù kan bí ẹ bá pa ìyẹn mọ́.

Ọmọ Ìjàkadì
Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà wá kù. Ọ̀sẹ̀ 12 ni mo máa lò lẹ́yìn tí ìdùbúlẹ̀ bá ti mọ́ ọn lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ kọ́ òdiwọ̀n: ìṣẹ́jú 12 lẹ́ẹ̀mẹta ní ìdá 95 nínú 100 òdiwọ̀n, ìsinmi ìṣẹ́jú 5 láàárín, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọjọ́ yòókù, jẹ́jẹ́, wákàtí kan sí méjì.

Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni nǹkan ti ń dùn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ṣe eré náà gan-an lórí ìdúró, ẹsẹ̀ nà síwájú: ìṣẹ́jú kan ní ìdá 70, ìṣẹ́jú márùn-ún ní 90, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tó ń gòkè láti 110 dé 140, ìṣẹ́jú-àáyá 20 ìkẹyìn kó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ìsinmi ìṣẹ́jú 25, kí ó tún un ṣe. Ó tó. Ìkẹta a máa bàjẹ́, ìwà búburú ló sì ń kọ́ ọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ìṣẹ́jú àkọ́kọ́: ọkàn ń lù, ó tẹ̀ ẹ́ ní 130. Agbára tó ju òdiwọ̀n lọ kò ju bí kílójúùlù 20 lọ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn lè jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, tí 100 sì ṣì jìnnà.

Ọjọ́ mìíràn lọ́sẹ̀ yẹn: ìṣẹ́jú 4 lẹ́ẹ̀mẹrin ní ìdá 108, ìsinmi ìṣẹ́jú 4. Ọjọ́ 12 kó tó di ọjọ́ náà, ẹ gé iye wákàtí sí ìdajì, ẹ má gé agbára.

Ìdarí ló máa ń gbé èèyàn ṣubú jù. Ìjàkadì l'orò Ọ̀fà, àmọ́ èyí kì í ṣe ìjàkadì: ẹni tó bá di ọwọ́ ìdarí mú gírígírí ló máa fò kúrò lójú ọ̀nà. Ìka méjì ti tó, kí ó wo iwájú bí 150 mítà. Ẹ jẹ́ kí ó gbéra lẹ́ẹ̀mẹẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n láìsí ìkarahun kí ẹ tó gbé ìdajì wọ̀ ọ́, nígbà tó bá yá, odindi. Láti 5 dé 15 ló nira jù, kò sí ibi tí ó lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹni méjì mú un lẹ́yìn, ẹni méjì dúró ní òpin láti gbà á. Afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ bá ju mítà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ kó o sílé. Bó bá jẹ́ eré tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbà wọlé, òfin ní kò gbọ́dọ̀ ju 1.67 lọ.

Wẹ́dà_Ìpàta
Ẹ tún gbọ́ ti búrẹ́kì. Kẹ̀kẹ́ yìí dán débi pé bí ó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò ní 100, lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 10 ó ṣì ń sá bí 94. Ẹ fi kìlómítà kan ààbọ̀ tó ṣófo sílẹ̀ lẹ́yìn 200 mítà. Kí ó máa tẹ búrẹ́kì kó sì máa tú u sílẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìtú u, rímù á gbóná, tíúbù á bẹ́. Ẹ má sì lo òpópó Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo fún ìdánrawò. Afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ àjàgbé kan ń tì lè gbé ìkarahun kúrò lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà tí a tì pa, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti ọlọ́pàá mọ̀ sí.

Bàbá Jíà
Ìkẹyìn tèmi: ẹ má fi wọ́ọ̀ṣì ọwọ́ ka eré. 200 mítà ní kìlómítà 100 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 7.2. Bí ọwọ́ bá pẹ́ ní 0.2, ẹ ti ṣi eré mọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 3. Iná méjì tí nǹkan ń gé, ọ̀kan ní àbáwọlé, ọ̀kan ní ìjáde, kí aago kan ṣoṣo máa kà wọ́n.

Tánkẹ_Kẹ̀kẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Sátidé tó ń bọ̀, àwọn méjèèjì á gun ìdúró, bàtà àti èjìká á gba téèpù ìwọ̀n. Ìbéèrè kan péré ló kù: téèpù la fi ń lẹ ojú ìkarahun pa kó lè dán. Bí ó bá ṣubú, báwo ni ó ṣe máa jáde?

Wẹ́dà_Ìpàta
Téèpù pépà ni kí ẹ lò, kì í ṣe oníke tó ń ta kókó. Ẹ ṣẹ́ ìparí rẹ̀ po ní sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ gbé e wọ inú, kí ìka rẹ̀ lè rí i nínú òkùnkùn. Ẹ ṣe ọ̀kan sí ìta pẹ̀lú, ẹ kùn ún ní pupa fún àwọn tó máa sáré dé. Ẹ so ọ̀bẹ tí orí rẹ̀ yípo mọ́ apá òsì ìjókòó. Kí ó tó sáré kankan, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ dì í lójú, ẹ yí ìkarahun dà sí ẹ̀gbẹ́, kí ó jáde fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15. Apá òsì lẹ́ẹ̀mẹta, apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá ju 15 lọ ní apá kan, ẹ gbé ìparí téèpù sún mọ́ àyà rẹ̀ sí i.